Ọjọ́ 21: Mo ti rí ibi tí bakitéríà ń gbà wọnú gbòǹgbò ẹ̀pà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí máíkírósíkóòpù ni, ojú ń ta mí, ọrùn ń ro mí, àmọ́ inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn láì kọ eléyìí sílẹ̀.

Ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni mo gbìn sínú ike, mo ń wo bí bakitéríà ṣe ń wọ gbòǹgbò wọn tí wọ́n á fi yọ kókó, ìyẹn àwọn ibi tó wú róbótó lára gbòǹgbò, tí bakitéríà ń gbé, tí wọ́n ti ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ewéko. Ti ẹ̀wà ò pẹ́. Ike mẹ́ta ti yọ kókó, mo la ọ̀kan, inú ẹ̀ pọ́n dáadáa. Àwọ̀ pupa yẹn ìbátan èyí tó mú ẹ̀jẹ̀ tiwa pọ́n ni, òun ló ń ṣọ́ ọ́síjìn kó má ba iṣẹ́ àwọn bakitéríà jẹ́. Ike kẹrin tí mo bu ajílẹ̀ yúríà sí ò yọ kókó gidi kan, ó ti rí náítírójìn jẹ láti ìta.

Ẹ̀pà ló fojú mi rí màbo. Ẹ rántí pé mo gún kókó gbòǹgbò ẹ̀pà tí mo wú lẹ́yìnkùlé, mo pò ó mómi, mo dà á sí ẹ̀pà tuntun inú yanrìn sísè. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń wá irun gbòǹgbò tó ká. Lára ẹ̀wà, ọjọ́ kẹfà ni mo ti rí i: gbòǹgbò á tú kẹ́míkà sínú iyẹ̀pẹ̀, bakitéríà á gbọ́, á fi kẹ́míkà tiẹ̀ dáhùn, orí irun yẹn á wá ká kọ́rọ́ bí ìka tó ń peni, á ká wọn mọ́nú, lẹ́yìn náà ihò tín-ín-rín kan á là gba inú irun lọ sísàlẹ̀, wọ́n á máa pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ̀pà ńkọ́? Gbòǹgbò ẹ̀ dán bọ̀rọ́, àfi ṣùkù irun díẹ̀ níbi tí ẹ̀ka gbòǹgbò ti yọ, ìyẹn náà ò ká.

Mo rò pé omi kókó yẹn ti kú ni. Mo tún rò pé búlúù tí mo fi ń kun gbòǹgbò kí n lè rí i dáadáa lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni ò dáa, ẹni tó tà á fún mi ti là á ju bó ṣe yẹ lọ. Màmá aláró kan ládùúgbò ní kí n wá bu aró, ìlú aró kúkú la wà, Òṣogbo ni, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló dú pátápátá, mi ò rí nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìdílé kan náà ni elú tí wọ́n fi ń ṣe aró, ẹ̀wà àti ẹ̀pà? Ẹ wo pódì ẹ̀. Màmá ti ṣèlérí èso elú fún mi, ó dẹ̀ ti wọ ìwé mi.

Ìrọ̀lẹ́ yìí mo fẹ́ kó ẹ̀pà yẹn dànù, mo wá fọ yanrìn kúrò lára gbòǹgbò. Kókó ti wà níbẹ̀! Kéékèèké, gbogbo wọn pátá ló jókòó sí abẹ́ ibi tí ẹ̀ka gbòǹgbò ti yọ, kò sí ẹyọ kan níbòmíràn. Mo fi réésà gé ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú ni ẹ̀ka ti ń bọ̀, tó bá ń jáde á ya awọ gbòǹgbò, ibi tó ya yẹn gan-an ni bakitéríà ẹ̀pà ń gbà, wọ́n á máa yọ́ gba àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, kò sí ihò inú irun rárá. Ògiri lanu, alángbá wọlé.

Mo ti yí ètò mi padà fún ẹ̀pà. Èso 12 ni màá gbìn lọ́la, màá máa fa ẹyọ kan tu ní ọjọ́ méjì méjì láti ìgbà tí ẹ̀ka bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀pà eléèpo tí mo rà lọ́jà Ìgbọ̀nà ni, àwọn tí wọ́n ti pa kalẹ̀ máa ń jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́. Yanrìn ti wà lórí sítóòfù báyìí, ó ń hó.