Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú dídá òrìṣà ẹ̀san: fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ ìtàn àràmàǹdà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń dá ayé tuntun sílẹ̀ fún géèmù, ọ̀rọ̀ òrìṣà ìdájọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Iṣẹ́ yín ń dé ọwọ́ mi, inú mi sì ń dùn sí i. Àmọ́ àwọn òrìṣà ẹ̀san tí ẹ ń dá sílẹ̀ ti jọra jù. Ojú rẹ̀ á pọ́n, idà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa mi ilẹ̀ tìtì. Èèyàn á kà á títí, kò ní mọ bó ṣe ń dá ẹjọ́.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé ìlànà ló ń sọ òrìṣà di onídàájọ́. Ta ló lè fẹjọ́ sùn ún? Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé lágbájá ló jẹ̀bi? Kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ìyà tó dé, kí sì ni ẹlẹ́ṣẹ̀ lè ṣe kí ìyà náà tó kúrò lórí rẹ̀? Ẹni tó bá ti dáhùn ìwọ̀nyí kò ní wá ìtàn tì.

Ẹ wo Ògún. Ní kóòtù Nàìjíríà títí dòní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra dípò Bíbélì tàbí Kùránì. Irin tútù kan ló wà níbẹ̀, ẹnu ẹni tó búra ló sì fa ara rẹ̀ lé Ògún lọ́wọ́. Òrìṣà tó lè dúró títí èèyàn á fi fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń fi idà sáré kiri lọ. Nínú ìtàn, ẹ lè fi odindi orí kan sí àárín ìbúra àti ìyà, kí òǹkàwé máa wo ọkùnrin náà bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń ta ọjà, bó ṣe ń fò dìde tí nǹkan bá já lulẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ irú ìyà tó yẹ. Nínú Forgotten Realms, ayé tí Ed Greenwood dá sílẹ̀, tó sì di ti géèmù Dungeons & Dragons ní 1987, òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Hoar. Ẹ̀san ni iṣẹ́ rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, tó di owó ẹyọ mú, orí olójú méjì sì wà lára owó náà. Ìyà tí Hoar fẹ́ ni èyí tó bá ẹ̀ṣẹ̀ mu, tí ẹlẹ́ṣẹ̀ á rí i tí á sì dá ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn Gíríìkì ti mọ adùn èyí tipẹ́. Nemesis, òrìṣà ẹ̀san wọn, ní tẹ́ńpìlì ní Rhamnous, ní agbègbè Áténì. Pausanias, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́ kan, sọ pé nígbà tí àwọn ará Páṣíà ń bọ̀ wá jagun ní Marathon, ní 490 ṣáájú ìbí Kristi, ìṣẹ́gun ti dá wọn lójú débi pé wọ́n gbé òkúta mábù dání tí wọ́n máa fi ṣe ohun ìrántí rẹ̀. Àmọ́ àwọn ará Áténì ṣẹ́gun wọn. Òkúta yẹn gan-an ni wọ́n fi gbẹ́ ère Nemesis.

Mo ń kọ òrìṣà kan lọ́wọ́ báyìí, obìnrin ni, òṣùwọ̀n ọjà ló ń ṣọ́. Ẹ mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti lù nídìí títí ìdí rẹ̀ fi wọnú, tí ìrẹsì á kún dé ẹnu rẹ̀ tí kò sì ní pé. Òrìṣà yìí kì í pa ọlọ́jà tó bá fi irú rẹ̀ wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rà á bá ti lè tún ìrẹsì náà wọ̀n níwájú ojúbọ, gbogbo ohun tó bá wọ ilé ọlọ́jà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Omi tó pọn kún á dín kó tó dé ilé. Aṣọ tó rà ní ọ̀pá mẹ́fà, télọ̀ á ní kò tó. Kó tó sinmi lálẹ́, ilẹ̀ á ti mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà bọ́: kó wá gbogbo ẹni tó ti yàn jẹ kàn, kó wọn ohun tó kù fún wọn. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Ìrìn àjò yẹn ni ìtàn náà.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ọgbẹ́ tó wà lára òrìṣà fúnra rẹ̀. Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù, àwọn òrìṣà fẹ́ fi ẹ̀tàn de ìkookò ńlá kan, Fenrir. Ìkookò ní òun ò gbà, àfi kí ọ̀kan nínú wọn ki ọwọ́ bọ òun lẹ́nu, kó fi dúró pé kò sí ẹ̀tàn. Tyr nìkan ló gbà. Wọ́n dè é tán, wọn ò tú u, Fenrir sì gé ọwọ́ ọ̀tún Tyr jẹ. Forgotten Realms mú Tyr yìí wọlé, ó fi ṣe òrìṣà ìdájọ́, afọ́jú tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún. Onídàájọ́ ni, irọ́ tó ṣe onídùúró fún ló sì gba ọwọ́ rẹ̀!

Nílé, ẹ wo Ayélála tí àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ń bọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin kan gba ìyàwó oníyàwó, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ijaw, ogun sì fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ẹrúbìnrin kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni wọ́n fi rúbọ kí ìjà lè tán. Òun ló di òrìṣà tí olè àti ẹlẹ́rìí èké ń bẹ̀rù. Òrìṣà tí wọ́n ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì pa rí kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ọba orí ìtẹ́ nínú ìwé yín. Ẹ jẹ́ kó béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kó bínú sí àwọn tó yára fẹnu kò. Àwọn àgbà kúkú ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń sin òrìṣà. Láyé àtijọ́, bí àrá bá sán lu ilé, àwọn oníṢàngó ló máa wá wú ẹdùn àrá nínú ilẹ̀. Onílé á san owó ètùtù tó wúwo, wọ́n lè kó ẹrù rẹ̀, àwọn náà ló sì ni òkú ẹni tí àrá bá pa, ẹbí ò gbọ́dọ̀ dá a sin. Mo bọ̀wọ̀ fún Ṣàngó, mi ò sọ èyí láti tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ìdájọ́ bá ti ń mú owó wọlé, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ ẹni tówó ń wọ àpò rẹ̀. Nínú ayé tí ẹ bá dá, ẹ kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ojú onílé: òrùlé ti jó, ọmọ ti kú, àwọn ará àdúgbò dúró lókèèrè torí wọ́n ti gbà pé ó níṣẹ́ tó ṣe, ó sì ń ka owó sí ọwọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ṣé ó jẹ̀bi lóòótọ́? Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orí náà, kódà bí ẹ ò bá ní sọ ọ́ fún òǹkàwé títí dé orí kẹwàá.