Ohun tí ògiri ahéré bàbá mi kọ́ mi

Láti oṣù Keje tí ògiri ahéré bàbá mi ti wó, bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà mi a máa já. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà ní ilé amọ̀ kan tí àwọn òbí yín fi sílẹ̀ lóko, níbi tí wáyà iná kò dé, tí ẹ sì ń gbèrò láti tún un ṣe.

Inú oko kòkó wa lápá Ìdànrè ni tiwa wà, yàrá méjì pẹ̀lú òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Sólà ni mo kọ́kọ́ náwó sí. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri nínú àti lóde, kí ó lè jọ ilé ìgboro. Àpò 22 ni ọlọ́kadà kó wọlé, méjì méjì, lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. N kò fọwọ́ kan páànù. Ẹ má pè mí ní ahun. Owó ló tán. Bàbá àgbà kan ní abà wa fi ìka kan ògiri náà, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ti dí ilé yìí nímú o." Mo rẹ́rìn-ín.

Òjò ọjọ́ mẹ́ta ló tú àṣírí. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ ya. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé ògiri ti yọ ikùn bí aboyún. Mo gbá àbúrò mi lẹ́sẹ̀ mú, mo wọ́ ọ kúrò lórí ẹní, a kò sì tíì jáde tán tí ògiri náà fi ya lulẹ̀ sórí ibi tí orí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, àti sórí bátìrì sólà. Abẹ́ àtíbàbà tí a ti ń sá kòkó la dúró sí títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa. Nígbà tí mo mú èépá sìmẹ́ǹtì kan nílẹ̀, ọ̀dà ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí àmàlà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gba àárín ìka mi jáde.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, a fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ mọ ọ́ padà, a sì pààrọ̀ páànù.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí etí rẹ̀ yọ kọjá ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀, nítorí omi tó bá gba òkè wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì kò ní rí ọ̀nà gbẹ. Òrùlé náà ló sì ń jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ má gbé bátìrì ti ògiri, ṣùgbọ́n bí òrùlé mi bá dára ni, kò sí ohun tí ì bá ṣe é. N kò dá bíríkìlà lẹ́bi, ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ló ṣe. Bátìrì ọ̀hún ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó ti fọ́, gbèsè oṣù mẹ́rin ló sì kù kí n tó san owó rẹ̀ tán.