Ohun tí Òkúta Bá Gbà: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lára John Tiktak

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ère gbígbẹ́, bí ẹ bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo fún yín nínú àwọn Inuit, ẹ̀yà onílẹ̀ ìhà àríwá Kánádà, tí ń fi òkúta gbẹ́ ère níbẹ̀, àwọn tí mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ wọn, John Tiktak ni n ó mú. Lára rẹ̀ ni mo ti rí i pé òkúta tó wà lọ́wọ́ ẹni ló ń sọ irú ère tí yóò jáde, kì í ṣe àwòrán tí a ti yà sínú ìwé.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Tiktak. Ọdẹ ni kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Rankin Inlet, ìlú kan ní agbègbè náà, níbi tí wọ́n ti ń wa irin tí wọ́n ń pè ní níkẹ̀lì, ó sì ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà náà kógbá wọlé ní 1962, lẹ́yìn èyí ni ère gbígbẹ́ di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Manitoba pàtẹ iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan, ohun tó ṣọ̀wọ́n fún agbẹ́re Inuit nígbà náà. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó rò pé ẹni tí àìní lé wọnú iṣẹ́ ọnà kò lè di ọ̀gá nínú rẹ̀.

Òkúta agbègbè rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó sì le. Ẹni tó bá fẹ́ fi í gbẹ́ irun orí tàbí èékánná yóò kàn da ara rẹ̀ láàmú ni. Tiktak kò bá a jà. Ó fi ìlà díẹ̀ ṣe ojú àti ẹnu, ó jẹ́ kí ara ère wúwo kó sì rí roboto, nígbà mìíràn ó sì ń dá ihò sáàárín apá àti ara kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Nínú ère ìyá àti ọmọ, tó gbẹ́ léraléra, ara àwọn méjèèjì wọnú ara wọn. (Ẹ̀yìn ni àwọn ìyá Inuit náà ń gbé ọmọ sí, ẹ̀yin tí wọ́n pọ̀n dàgbà kò nílò àlàyé.) Ó sọ pé òun kì í ro ohun tí òun yóò gbẹ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ọwọ́ òun bá ń ṣiṣẹ́ ni èrò ń jáde.

Ẹ wá wo àwọn ère Èsìé ní Kwara: òkúta rírọ̀ ni tiwọn, ìdí nìyẹn tí ilà ojú, irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn fi hàn kedere lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Osuitok Ipeelee, agbẹ́re Inuit mìíràn láti ìlú Kinngait, tí òkúta aláwọ̀ ewé tó ń lò gbà á láyè láti gbé karibú, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín, dúró lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín.

Nítorí náà, kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ fi ọ̀bẹ ha igun òkúta kí ẹ mọ bó ṣe le tó. Ẹ fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀, nítorí èyí tó ti sán nínú kì í dún dáadáa, kí ẹ sì da omi sí i kí ojú ibi tó sán lè hàn. Ẹ tún bèèrè ibi tí wọ́n ti wà á, torí pé èròjà asbestos wà nínú òkúta rírọ̀ mìíràn, tí eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìbòmú.