Epo, Háíbíríìdì Tàbí Iná: Ìṣirò Tí Mo Ṣe Kí N Tó Pààrọ̀ Ọkọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa Toyota Corolla ọdún 2006 kan kiri ìgboro Ìbàdàn, n kò sì ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo bẹntiróòlù tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fún lítà kan di ohun tó lé ní ₦600 kí oṣù méjì tó pé, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń lọ sópin, ó ti fẹ̀gbẹ́ kan ₦1,000 ní ilé-epo púpọ̀. Ó rọlẹ̀ díẹ̀ ní ọdún 2025. ₦900 ni mo fi ṣe gbogbo ìṣirò tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí, torí pé ó rọrùn láti sọ di púpọ̀, kò sì jìnnà sí iye tí mo fi ń rà á nígbà tí mò ń ṣírò.

Àwọn agbaninímọ̀ràn kò wọ́n mi. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham nílùú London, tó ti ń wa ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná láti ọdún mẹ́ta, ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra oníná, kẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ ilé-epo." Bàbá tó ń tún Corolla mi ṣe ní kí n ra Corolla mìíràn, pé ohun tí ojú bá ti rí rí kì í dẹ́rù bani. Ìyàwó mi kò dárúkọ ọkọ̀ kankan. Ohun tó sọ ni pé èyí tí kò ní já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni kí n rà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yìí ló padà wúwo jù.

Kí n tó wo ọkọ̀ kankan, mo kọ́kọ́ wọn ìrìn tí à ń rìn. Láti Àkóbò tí mò ń gbé dé ibi iṣẹ́ mi nítòsí Dùgbẹ̀, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 30, mo sì ń lọ ní ọjọ́ 22 lóṣù. Tí a bá fi ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àna kún un, ó di 800. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń lọ kí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà yẹn sì tó kìlómítà 100 ní àlọ nìkan. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 1,000 lóṣù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, òun ni ọmọ, òun ni ẹrú, gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí sì dúró lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ méjì nílé lè ka àwọn iye kan náà kó sì ra ohun mìíràn.

Ti Corolla kò gba àròjinlẹ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Baṣọ̀run àti Mókọ́lá, tèmi ń mu nǹkan bíi lítà 9 lórí kìlómítà 100. Ìyẹn jẹ́ ₦8,100, tàbí ₦81,000 lóṣù.

Mo wá lọ wo ọkọ̀ oníná. Ní ibì kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, wọ́n fi Nissan Leaf ọdún 2013 kan hàn mí, funfun báláú, tí inú rẹ̀ mọ́ ju yàrá àlejò mi lọ. Ọmọkùnrin tó ń tà á tẹ bọ́tìnnì, dáṣíbọ́ọ̀dù sì tàn láìsí ariwo kankan. Ó ní, "Dádì, ẹ ò tún ní mọ iye epo mọ́ láyé yín." Mo ti kà nípa ọkọ̀ yìí kí n tó kúrò nílé, nítorí náà etí ọwọ́ ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo ń wò, níbi tí àwọn ìlà kéékèèké 12 ti ń sọ bí bátìrì ṣe lágbára tó sí ìgbà tó wà ní tuntun. Mẹ́jọ péré ló tàn. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá kú ń sọ pé nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún agbára bátìrì ti lọ, èyí tó bá sì tẹ̀ lé e ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́fà mẹ́fà lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdá méjì nínú mẹ́ta péré ló kù nínú bátìrì náà. Nígbà tó wà ní tuntun, nǹkan bíi kìlómítà 120 ni àjọ EPA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ fún un pé yóò rìn tí bátìrì bá kún. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 80, kí a tó tan ẹ̀rọ amúlétutù. A máa kọjá Ọ̀yọ́, a kò ní dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tó wà á. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu bátìrì Leaf lára, kò ní omi tó ń gbé ooru kúrò gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti ní, ooru sì ni ọ̀tá irú bátìrì yìí. Ní ọdún 2012, kò tíì ju ọdún méjì lọ tí Leaf dé orí títì, tí àwọn tó ní in ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú bí iná, ti ń pariwo pé ìlà àwọn ti ń kú. Ìbàdàn kì í ṣe Arizona, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sí oòrùn Dùgbẹ̀ ní oṣù Kẹta mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tà á ṣí bùùtù kí n rí okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí i. Mo yí àpótí kékeré tó wà lára okùn náà síwájú-sẹ́yìn títí mo fi rí àkọlé rẹ̀: 120V. Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún; 230 ni tiwa. Ó ní kò sí wàhálà, pé ríwáyà á bá mi yanjú ẹ̀. Ríwáyà kò ní í sọ 230 di 120 láìlo tiransifọ́mà, èyí tí yóò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kì í sì í ṣe ohun kékeré. Bí kì í bá ṣe tiransifọ́mà, èèyàn á ra okùn mìíràn tí wọ́n ṣe fún 230. Iye tó pe ọkọ̀ náà kò jìnnà sí ti Toyota Prius tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ háíbíríìdì tó ń lo epo àti bátìrì pa pọ̀, okùn tuntun kò sì sí nínú iye yẹn.

N kò ní purọ́ mọ́ ọkọ̀ oníná o. Ti tuntun yàtọ̀ pátápátá. Hyundai Kona tí iléeṣẹ́ Stallion gbé jáde ní Èkó ní ìparí ọdún 2020 ní bátìrì tó gba yúníìtì iná (kWh) 64, ó lè lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó sì padà láìwá iná kiri. ₦24 mílíọ̀nù ni wọ́n pè é nígbà náà, nígbà tí náírà ṣì ní egungun. Kò sí nínú ohun tí àpò mi mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù fún mi ni iye iná. Yúníìtì tí mítà wa ń kà ni mo fi ń ṣírò. Irú ọkọ̀ bíi Leaf ń lo yúníìtì 16 tàbí 17 lórí kìlómítà 100, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń ṣòfò nígbà tí iná bá ń wọlé, nítorí náà mítà yóò ka nǹkan bíi 19. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n fowó kún iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, iye náà ti lọ sókè sódò kó tó jókòó sórí ₦209.50, tí VAT ìdá 7.5 sì sọ ọ́ di ₦225. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 19: ₦4,275 lórí kìlómítà 100. Prius tó ń mu lítà 5 yóò ná mi ní ₦4,500. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì, torí n kò gbà á gbọ́. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí a ń pa, ₦225 péré ló wà láàárín ọkọ̀ tó ń mu epo àti ọkọ̀ tí kò mu ún.

Àdúgbò tiwa ṣì wà ní Band B, níbi tí yúníìtì kan ṣì lé díẹ̀ ní ₦60. Ẹ jẹ́ ká fi VAT kún un ká pè é ní ₦70. Yúníìtì 190 fún kìlómítà 1,000 wá di ₦13,300, bí ẹni ń gba ọ̀fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦81,000 tí Corolla ń gbà lọ́wọ́ mi. Wákàtí 16 ni wọ́n ṣèlérí fún wa, a máa ń rí mẹ́sàn-án. Síbẹ̀ náà, ìrìn kìlómítà 30 kò ju yúníìtì mẹ́fà lọ, wákàtí mẹ́ta sì tó láti gbà á láti inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ aṣọ mọ bí pílọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù ṣe ń gbóná lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ yóò fa agbára tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí mẹ́ta láìsinmi, nítorí náà wáyà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibi mítà wá lọ́tọ̀. Èyí tí kò ní ríwáyà ni iná tí kò lágbára, irú èyí tí gílóòbù máa ń pọ́n bíi ti àtùpà ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tí ọkọ̀ á sì kọ̀ láti gbà rárá.

Ohun tó wá kó mi láyà sókè ni pé wọ́n gbé òpópónà tó kọjú sí tiwa lọ sí Band A lọ́dún tó kọjá, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí n kò lágbára lé lórí ló lè sọ ₦13,300 di ₦42,750 lóru ọjọ́ kan. Ẹni tí iná rẹ̀ rọjú kì í rí iná, ẹni tó ń rí iná ń san owó epo fún un. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un, ó ní irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn: ẹni tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí nílé ń san VAT ìdá 5 lórí iná tó ń fún ọkọ̀, àmọ́ òun tí òun ń gbé ní àjà kẹta, tí òun ń lo òpó iná ẹ̀gbẹ́ títì, ń san ìdá 20.

Àwọn kan á ní, ṣé jẹnẹrétọ̀ kò sí ni? Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa ń mu nǹkan bí ìdajì lítà kó tó mú yúníìtì kan jáde. Yúníìtì 19 á gba lítà 9 àbọ̀, nígbà tí Corolla ń mu 9. Ká kúkú da epo náà sínú ọkọ̀ ká sì sinmi ariwo. Ti sọ́là sàn ju ìyẹn lọ: páńẹ́ẹ̀lì 550W márùn-ún lè mú yúníìtì mẹ́fà tí mo nílò lójúmọ́ wá, àmọ́ ní agogo méjìlá ọ̀sán tí oòrùn bá ń mú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní Àkóbò, Dùgbẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Ní Kútọnu àti Lómè, àwọn tó ń gun ọ̀kadà oníná ti iléeṣẹ́ Spiro ti yanjú irú ìṣòro yìí, wọ́n kàn ń pààrọ̀ bátìrì tó ti tán fún èyí tó kún ni, àmọ́ bátìrì ọ̀kadà ṣeé gbé lọ́wọ́.

Bí mo ṣe padà sídìí Prius ọdún 2010 nìyẹn. A kì í ki háíbíríìdì yìí bọ iná rárá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń fún bátìrì lágbára, bíréèkì náà sì ń dá agbára tí ìbá ṣòfò padà sínú rẹ̀, èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó ń pa Corolla lára gan-an ni Prius ti ń jàǹfààní. Toyota ti ń tà á ní Japan láti oṣù Kejìlá ọdún 1997, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò.

Bátìrì rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Mo wá mẹkáníìkì kan tó jẹ́ pé háíbíríìdì nìkan ló ń tọ́jú, mo sì san owó kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó ná an. Ó kọ́kọ́ tú pẹpẹ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì fa fáànù tó ń tu bátìrì lára jáde. Eruku ti bò ó bí irun àgùntàn; láàárín eruku náà ni irun ajá wà, gígùn, pupa rẹ́súrẹ́sú, tó bá ọkọ̀ náà ti ìlú òyìnbó wá. Ó ní, "Dádì, ẹ fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń pa bátìrì wọn rèé, wọ́n á sì máa sọ pé Prius ò dáa." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó dá a padà, lẹ́yìn náà ló so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ abẹ́ sítíárì. Ẹ̀yọ 28 ló para pọ̀ di bátìrì náà, 7.2 vólt lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń kà wọ́n ní méjì méjì, nítorí náà iye 14 ló jáde lójú fóònù rẹ̀. Ó ní kí n tẹ epo mọ́lẹ̀, kí n sì di bíréèkì mú. Iye náà lọ sílẹ̀ pa pọ̀, kò sí èyí tó yapa sí èkejì ju 0.2 vólt lọ. Tí ọ̀kan bá já wálẹ̀ tí àwọn yòókù dúró, òun ni kí n má rà.

Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà ni Prius náà fi lé Corolla ọdún 2010 tó wà níbi kan náà. Tó bá ń mu lítà 5, ₦36,000 ni yóò máa dá padà fún mi lóṣù, yóò sì gba ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án kí ó tó san àlékún yẹn tán, bí bátìrì kò bá kú kó tó dìgbà náà. Mo bá ìyàwó mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú "bí" náà nínú rẹ̀. Ó bi mí bóyá yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní yóò dé, yóò sì bọ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń lò ó. Mo ń kọ gbogbo epo tí mo bá rà sínú ìwé kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀, 5.4 ló sì ń mu, kì í ṣe 5. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo fura sí. Ìyẹn sọ ₦4,500 di ₦4,860, ó sì fi oṣù mẹ́rin kún ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án mi.