Láti Ọ̀fà dé Jẹ́bà lójú irin àtijọ́

Bí ẹ bá dé tẹ́ṣọ̀n rélùwéè Ọ̀fà, ẹ má tíì wo ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀, níbi tí orí irin kan ti pàdé èkejì.

Pátákó irin méjì àti bóòtù mẹ́rin ló máa ń so wọ́n pọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Bí ẹ bá rí ẹrọ̀fọ̀ tó rú jáde láàárín òkúta, omi ti há síbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni sílípà, ìyẹn ọ̀pá tó dábùú lábẹ́ irin méjèèjì, ń rì tó tún ń gbéra, bóòtù á sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Irú ibẹ̀ ló ń mú kí awakọ̀ máa rọra lọ, tí èrò á máa bínú pé ọkọ̀ ń falẹ̀. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín orí irin méjèèjì pẹ̀lú, torí irin mítà 12 á fi nǹkan bíi mìlímítà 4 gùn sí i tí oòrùn bá mú un gbóná ní ìwọ̀n 30 Celsius ju ti òwúrọ̀ lọ. Bí kò bá ráyè, á wọ́. Àlàfo yìí náà ló ń dún fàkàfìkì tí gbogbo wa mọ̀.

Torí ikán ni wọ́n ṣe ń lo sílípà irin dípò pákó. Ìpatà ni ọ̀tá tirẹ̀. Tó bá jẹ ibi tó di irin mú, tàbí tí àwọn olè bá tú bóòtù lọ tà fún oní-páǹtí, irin méjèèjì á máa ya síra. Mìlímítà 1,067 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Tó bá fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á já sáàárín.

Láti Èkó, ọ̀nà yìí dé Ìbàdàn ní 1901, Ọ̀ṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọkọ̀ ẹrù sọdá Odò Ọya kí afárá tó parí ní 1916. Wọ́n tún kìlómítà 488 láti Èkó dé Jẹ́bà ṣe, ọkọ̀ èrò Èkó sí Kánò sì padà ní oṣù Kejìlá 2012. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà fún àlọ àti àbọ̀, torí náà ọkọ̀ kan ní láti yà dúró ní tẹ́ṣọ̀n kí èkejì tó kọjá. Wákàtí ń ṣòfò níbẹ̀.

Ẹ lọ bá ọ̀gá tẹ́ṣọ̀n lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ èrò ṣì ń rìn. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ẹ bi í bóyá ọkọ̀ ti kúrò ní Ọ̀ṣogbo; tó bá jẹ́ Èkó lẹ ń lọ, ẹ béèrè Jẹ́bà. Ẹ gbé omi, tọ́ọ̀ṣì àti bébà ilé ìyàgbẹ́ dání. Ẹ jókòó sí àárín kóòṣì. Ibi tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbọ̀n jù. Ẹ gbé ẹrù wọlé ṣáájú, kí ọwọ́ méjèèjì lè di irin ẹnu ọ̀nà mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti àwọn àgbà. Bí òórùn ọ́ìlì jíjó bá ń wá láti ìsàlẹ̀, ẹ pe gáàdì kíá: gírísì lè ti tán nínú béárìn, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń yí, ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì lè kán.

Lójú tiwa, ọkọ̀ kékeré kan láàárọ̀ àti lálẹ́ láàárín Ọ̀fà àti Ìlọrin ì bá ran akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́ ju ọkọ̀ Kánò lọ.

Ní Jẹ́bà, ọkọ̀ á rọra gun afárá. Ẹ wo odò dáadáa, àmọ́ ẹ má yọ orí tàbí ọwọ́ síta: irin afárá sún mọ́ fèrèsé gan-an.