Ogójì ọjọ́ láìjẹ láìmu? Ọjọ́ kẹta ni mo ṣubú

Mo fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀ ni ojú mi ṣú. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wà nílẹ̀. Ahọ́n mi gbẹ bíi páálí, ìtọ̀ tí mo tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ò ju ṣíbí méjì lọ, ó sì pọ́n kankan. Bẹ́ẹ̀, ogójì ọjọ́ ni mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run. Ṣebí Mósè ṣe é.

Orí ibùsùn, níbi tí wọ́n ti ń fa omi sí mi lára, ni mo ti wá ka Bíbélì bó ṣe yẹ kí n kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ́kísódù 34:28 sọ ọ́ gbangba pé Mósè ò jẹ, kò sì mu, lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí òkè. Ti Jésù nínú Mátíù 4 ńkọ́? Ebi la gbọ́ pé ó pa á, a ò gbọ́ òùngbẹ. Èlíjà jẹ, ó mu, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó forí lé Hórébù. Ẹ́sítérì tó ní kí wọ́n má jẹ kí wọ́n má mu, ọjọ́ mẹ́ta péré ló dá. Èmi kó gbogbo wọn pọ̀, mo pè é ní ìgbàgbọ́.

Ara ní àká fún oúnjẹ, kò ní fún omi. Tí ẹ ò bá jẹun, ṣúgà inú ẹ̀dọ̀ á tán láàárín bí ọjọ́ kan, ara á wá máa yọ́ ọ̀rá lò. Ṣùgbọ́n èémí ń gbé omi lọ, òógùn ń gbé e lọ, kíndìnrín náà ń béèrè tirẹ̀. Ó máa ń le kéèyàn tó kọjá ọ̀sẹ̀ kan.

Pẹ̀lú omi, ogójì ọjọ́ ṣeé ṣe. Angus Barbieri, ọmọ Scotland, lo ọjọ́ 382 láìjẹun láàárín 1965 sí 1966. Omi àti fítámínì ló ń mu, dókítà ń ṣọ́ ọ. Kílò 207 ló kúkú wọ̀n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ. Bobby Sands, ọmọ Northern Ireland, tí kò ní irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, kọ oúnjẹ lẹ́wọ̀n ní 1981 láti fi ẹ̀hónú hàn, omi àti iyọ̀ nìkan ló ń mu. Ọjọ́ 66 ló fi kú. Ní ti Mósè, iṣẹ́ ìyanu ni mo gbà pé ó jẹ́, n ò tún bá a du ú mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi ni ìṣínu. Lọ́dún kejì, mo fi omi gba ọjọ́ 21, ó lọ geere. Alẹ́ tí mo ṣínu, mo jẹun bí ẹni tó ti ogun dé. Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi wú, àyà mi ń lù kìkì. Dókítà ní oúnjẹ tó ya wọlé lójijì ló fa àwọn èròjà potásíọ̀mù àti fósífọ́rọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀, pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan kú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n bọ́ wọn yó tán. Ó wò mí títí. “Ẹ fara da ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ta ló wá ń lé yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn?”

Ní báyìí, ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń ṣínu ààwẹ̀ gígùn: nǹkan olómi, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó lóyún, tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń lo oògùn ọkàn, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú.