Orí mi ò gbàbọ̀dè lókè Simien

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dúpẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́ lẹ́yìn fótò àwọn ọ̀bọ gelada orí òkè Simien ní Ethiopia yẹn, àwọn aláyà pupa tó jókòó ń já koríko jẹ bí àgùntàn, ohun tó dé rèé.

Ó yẹ ká rọra rìn ni, ká sùn ní àgọ́ Sankaber, ká sùn ní àgọ́ Geech, kí òkè lè mọ́ wa lára. Àwọn tá a jọ lọ ní kò sáyè, ni mótò bá gbé wa láti Debark, ìlú tó wà nísàlẹ̀, tààrà lọ sí àgọ́ Chennek, gíga ẹ̀ lé ní mítà 3,600! Òru yẹn, orí ń fọ́ mi bí ẹni ń fi òòlù gbá a, mo bì títí. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ká gun ṣóńṣó òkè Bwahit, gíga ẹ̀ tó mítà 4,430. Mo ní ara mi ò yá, ẹnì kan (o mọ ara ẹ) ní ọ̀lẹ ni mí. Èmi náà gọ̀, mo tẹ̀lé wọn.

Òfin ọgbà ẹranko Simien yẹn ni pé síkáòtù, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó gbébọn, gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àlejò, mo ti rò pé torí ẹranko ni. Bàbá síkáòtù yìí ò gbọ́ òyìnbó, ẹsẹ̀ mi ló ṣáà ń wò. Mo ń ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, létí ọ̀gbun tí ẹyẹ ń fò nísàlẹ̀ wa! Ó dá mi dúró, ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ júwe pé kí n máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kí n rìn gbọọrọ. Ìṣísẹ̀ méjì, mo ṣubú. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó fi síkáòtù ẹnìkejì ẹ̀ sílẹ̀ ti àwọn yòókù, ó gbé báàgì mi kọ́ èjìká kan, ìbọn ń bẹ ní kejì, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó di ìsàlẹ̀. Wọ́n ń pariwo pé ó kù díẹ̀ ká débẹ̀, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Ká tó dé Debark ojú mi ti ń là. Dókítà ní afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn ò ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun, pé ọpọlọ mi ló ti ń wú, ká ní mo tún sùn sókè lálẹ́ ọjọ́ yẹn... ẹ jẹ́ n dákẹ́. Ẹ ò bi mí o, àmọ́ màá sọ ọ́: tórí bá ń fọ́ yín lókè, ẹ má gùn sí i, tẹ́ ẹ bá ti ń ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá, ì báà ṣe òru.

Ewúrẹ́ òkè walia tí kò sí níbòmíì láyé, mi ò rí i. Bàbá ò gba owó lọ́wọ́ mi, síwẹ́tà mi ló gbà. Olúwa á bá mi san án fún wọn.

Ìwọ tó o pè mí lọ́lẹ, mo rí fótò Bwahit tó o gbé sókè. Mo ti láìkì ẹ̀.